Lọ́dọ̀ Àwọn Alápatà Lockhart

Àlejò tó bá ti ilé wá sí Houston, ibi tí wọ́n ń mú un lọ kò ju mẹ́ta lọ. Wọ́n á mú un dé etí òkun ní Galveston, wọ́n á mú un lọ wo ọgbà NASA, wọ́n á sì mú un lọ sí ilé ìtajà ńlá Galleria kó lọ máa fi náírà ṣírò iye bàtà títí orí á fi fọ́ ọ. Bàbá ìyàwó mi wo gbogbo rẹ̀ tán, wọn ò sọ nǹkan kan. Alápatà ni wọ́n ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, kí orúnkún tó lé wọn wálé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni pé, "Bàbá Àyọ̀, níbo gan-an làwọn èèyàn yìí ti ń pa màlúù wọn?"

Ilé ìpẹran òde òní ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ibi téèyàn ń mú àna ẹni lọ wò. Géètì wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ mo mọ ibì kan tó jẹ́ pé inú ìsọ̀ alápatà gan-an ni iṣẹ́ ẹran yíyan ti bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò sì tíì gbàgbé: Lockhart, ìlú kékeré kan ní gúúsù Austin. Láti Houston, kò ju bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá dá yín dúró ní Katy. Ní 1999, àwọn aṣòfin Texas kéde ìlú náà ní olú ìlú bábíkíù, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi iná àti èéfín igi yan, fún ìpínlẹ̀ wọn. N ò tíì rí ará Austin tó fi tinútinú gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni.

A gba títì ńlá I-10 lọ sí ìwọ̀ oòrùn: Katy, Columbus, Schulenburg. Àwọn ará Jámánì àti ará Czech ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá tẹ̀dó sí agbègbè yẹn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ló sì gbé iṣẹ́ sọ́sééjì wọ ilẹ̀ Texas. Ìyá Àyọ̀ ní ebi ń pa òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú sùúrù díẹ̀ sí i, ó ní sùúrù kì í ṣe oúnjẹ. La bá yà sí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ya màlúù ńlá sára ògiri rẹ̀. Ẹran tí wọ́n gbé wá ti gbẹ, wọ́n wá da sọ́ọ̀sì aládùn lé e lórí tó fi rì mọ́lẹ̀. Bàbá fi bébà ìnuwọ́ nu sọ́ọ̀sì náà kúrò, wọ́n yí ẹran síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Àná ni wọ́n ti yan èyí. Wọ́n kàn tún un gbóná láàárọ̀ yìí ni." Owó tí a san kò kéré. N ò ní dárúkọ wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, níbikíbi tí mo bá ti fẹ́ jẹ bábíkíù, mo máa ń ní kí wọ́n fi sọ́ọ̀sì sọ́tọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ẹran òun dára kì í bá èèyàn jiyàn lórí ìyẹn.

Ní Luling a kúrò lórí I-10, a gba títì 183 lọ sí àríwá. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Luling ní 1922, ẹ̀rọ tó ń fà á jáde ṣì wà láàárín ìgboro títí dòní, ó ń mi orí sókè sódò, òórùn epo sì wà nínú atẹ́gùn. Àyọ̀ di imú rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn èéfín igi, ó sì ju ọwọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ sí Lockhart fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ilé oúnjẹ ló ń lọ. Ìsọ̀ alápatà ló ń lọ, tí wọ́n dáná sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé bí ẹni wọ ilé oúnjẹ, gbogbo nǹkan ni yóò máa bí i nínú: kò sí àwo, kò sí ẹni tí yóò gbé mẹ́núù wá bá a níjokòó, orí bébà ni wọ́n ń da ẹran sí. Ẹni tó bá wọlé bí ẹni lọ ra ẹran lọ́jà, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn alápatà Jámánì ṣí ìsọ̀ ẹran ní àwọn ìlú wọ̀nyí nígbà tí kò sí fíríìjì. Ẹran tí kò bá tà, oòrùn Texas kò ní í dúró dè é. Èyí tó dára nínú rẹ̀ ni wọ́n ń yan, gígé-jíjá ni wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sọ́sééjì. Àwọn tó wá sọ ẹran yíyan yẹn di oúnjẹ ọ̀sán ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣa òwú ní oko àyíká, aláwọ̀ dúdú àti ará Mẹ́síkò, tí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kò gbà kí wọ́n wọlé jókòó láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á ra ẹran gbígbóná nínú bébà, wọ́n á ra bísíkíìtì oníyọ̀ àti àlùbọ́sà láti orí pẹpẹ ìsọ̀ kan náà, wọ́n á jókòó síta, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Bísíkíìtì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bébà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ohun táwọn onímọ́tò tó ń ti Dallas wá ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí àṣà, àìrí-ibi-jókòó ló bí i. Mo sọ èyí fún Bàbá, wọ́n mi orí, wọ́n ní ká máa rọra ya fọ́tò.

Ilé tí a kọ́kọ́ wọ̀ ni Smitty's Market, lẹ́bàá ilé ẹjọ́ Caldwell County tí wọ́n kọ́ ní 1894. Ẹ̀yìn ni a gbà wọlé, láti ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn: ẹ gba ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ yín kan kò tíì wọlé tán tí ooru á fi gbá yín lójú, torí pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni iná wà. Ẹ gbọ́ mi yé. Kì í ṣe inú ààrò onílẹ̀kùn. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì gan-an ni wọ́n to igi sí, ní ẹnu ààrò bíríkì gígùn kan, irú igi óákù kan tí wọ́n ń pè ní post oak ni, ó ń jó lala, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn oníbàárà tò sí. Ooru àti èéfín ń gba abẹ́ ẹran kọjá nínú ààrò, wọ́n á gba ẹnu símínì jáde ní ìdí kejì. Iná kò sí lábẹ́ ẹran rárá. Ògiri ti dúdú, àjà ti dúdú, ó ń dán. Mo di Àyọ̀ lọ́wọ́ mú ṣinṣin. Ìyá Àyọ̀ fi ọwọ́ di wíìgì rẹ̀, ó sì tọ̀nà: òórùn èéfín yẹn kò kúrò lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má wọ léèsì lọ síbẹ̀.

Bàbá ò wo iná. Ọwọ́ ẹni tó ń gé ẹran ni wọ́n ń wò.

Ilé yẹn ní ìtàn tí ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ogún nílẹ̀ wa yóò tètè lóye. Ní 1900 ni ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Charles Kreuz ti dá òwò sílẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Kreuz Market. Edgar Schmidt, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Smitty, rà á ní 1948. Òwò wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, Nina Sells, ló jogún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò rẹ́ lórí owó ilé àti àdéhùn. Ní 1999, Rick Schmidt, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, kó Kreuz Market jáde, ó kọ́ ilé ńlá tuntun sí ibi tí kò jìnnà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó lọ, wọ́n wa ẹyin iná láti inú ààrò àtijọ́ sínú agbada irin, wọ́n wọ́ ọ gba títì lọ sí ilé tuntun, àwọn oníròyìn sì pé lé e lórí. Nina ṣí Smitty's sínú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Òwò méjèèjì ló ń rí jẹ. Bàbá bi mí pé ta ló mú orúkọ. Mo ní ọkùnrin. Ta ló mú ààrò? Mo ní obìnrin. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní, "Obìnrin yẹn ló mọ̀ ọ́n yàn."

Ní ọ̀nà tóóró tó wà láàárín yàrá iná àti ibi tí wọ́n ń jẹun, káńtà onígi wà lára ògiri, ọ̀bẹ àtijọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ọn bí báǹkì ṣe ń so báírò. Láyé àtijọ́, ọ̀bẹ yẹn ni gbogbo oníbàárà ń lò ní àlòpín. Fọ́ọ̀kì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kreuz tilẹ̀ fi "kò sí sọ́ọ̀sì, kò sí fọ́ọ̀kì" ṣe ìpolówó ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹ ó ṣe rà á: ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà, páùn ni wọ́n ń lò, páùn kan kò sì pé ìdajì kílò. Igẹ̀ màlúù lé ní 20 dọ́là fún páùn kan lásìkò yìí, nítorí náà ẹni tó bá ní kí wọ́n fún òun ní "èyí tó máa tó wa" á sanwó tí kò rò. Ẹ dá iye yín: ìdajì páùn igẹ̀ fún àgbàlagbà kan, sọ́sééjì kan fún ẹnì kan, ó tó. Ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ padà lọ tò. Ẹran nìkan ni ẹ ó sanwó fún nínú yàrá iná. Ẹ̀wà, ohun mímu, àti àwọn nǹkan yòókù wà nínú yàrá kejì, owó tiwọn sì yàtọ̀. Búrẹ́dì funfun tàbí bísíkíìtì ni wọ́n fi ń bá ẹran rìn, wọn kì í gbowó lé e.

Sọ́sééjì wọn rí bí irin abẹ́ pátákò ẹṣin tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n fi okùn so ó ní ẹnu méjèèjì. Ẹ má fi eyín gé e lójijì nígbà tí orí yín bá wà lókè aṣọ. Ọ̀rá inú rẹ̀ á fò jáde. Orí bébà ni kí ẹ ti fi ọ̀bẹ là á. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè kí ẹ tó rà: màlúù ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ sọ́sééjì agbègbè yìí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìhà ẹlẹ́dẹ̀ sì ni wọ́n tún fi ń gé ti màlúù lórí igi kan náà. Kò sí halal nínú ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

A jókòó. Ìyá Àyọ̀ wo ẹran, ó tì í sẹ́yìn. "Kò jinná." Ẹ̀bi kò sí fún un, nítorí etí ẹran náà pupa rẹ́súrẹ́sú yí po lábẹ́ èèpo dúdú, ẹni tó bá sì ti ilé wá mọ̀ pé ẹran pupa, ẹran tútù ni. Èéfín ló ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan máa ń jáde nínú igi tó ń jó, tó bá wọ inú ẹran, á di àwọ̀ pupa ẹran náà mú, kò ní í jẹ́ kó di eérú bí ó ṣe ń jinná. Kì í jìn, kì í ju etí lọ. Àárín ẹran, tí èéfín ò dé, ló rí bí èyí tí a mọ̀. Ẹ fi ọwọ́ mú ẹran náà: tó bá ń ya fúnra rẹ̀, ó jinná ju ti ilé wa lọ. Bàbá ya tiwọn sí méjì láì lo agbára, wọ́n ju ìkan sẹ́nu. Ìyá Àyọ̀ wo ojú bàbá rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e mì. Ó fa bébà náà padà.

Iyọ̀ àti ata lílọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi pa á lára. Kò sí kúlíkúlí, kò sí àlùbọ́sà gbígbẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ sùúyà ní òpópónà Bissonnet ní Houston á rò pé ẹran náà kò ní adùn. Sùúyà àti èyí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Sùúyà, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, iná ló ń lá a, yájì ló ń gbé e, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Igẹ̀ màlúù, odindi rẹ̀ lè ju páùn mẹ́wàá lọ, ibẹ̀ ni màlúù fi ń gbé ara tó bá dúró, nítorí náà iṣan inú rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan án ní Texas máa ń fi iná jẹ́jẹ́ ṣe é fún wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iṣan yẹn lè yọ́, kó di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ata tí Ìyá Àyọ̀ gbé sínú báàgì láti ilé, ó lò ó. N ò bá a jà. Òun náà gbà pé sọ́sééjì ló yẹ ẹ́, pé igẹ̀ kò fẹ́ ẹ.

Àyọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa kan tí wọ́n ń pè ní Big Red, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Waco ní 1937. Ohun mímu pupa àti bábíkíù ni àwọn ìbátan wa aláwọ̀ dúdú ní Texas fi ń ṣe Juneteenth, ìrántí ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1865 tí ìkéde òmìnira dé Galveston. Emancipation Park tó wà ní Houston, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ló dá owó jọ ra ilẹ̀ rẹ̀ ní 1872 kí wọ́n lè rí ibi ṣe àjọ̀dún náà. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì nìkan ni bábíkíù Texas ti wá, ẹ bi í pé ta ló ń gbẹ́ ihò tí wọ́n ń yan ẹran lórí rẹ̀, ta ló sì ń ṣọ́ iná mọ́jú.

Bàbá ní àwọn ò tíì rí ohun tí àwọn ń wá. A bá rìn dé Black's, tí ìdílé kan ṣoṣo ti ń ṣe láti 1932. Níbẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ kọjá níwájú ẹ̀wà, ànàmọ́ àti àkàrà òyìnbó kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran. Ọgbọ́n òwò ni. Ẹ fojú fò ó. Ẹlẹ́ran á bi yín bóyá ibi ọlọ́ràá lẹ fẹ́ tàbí ibi gbígbẹ. Ibi ọlọ́ràá ni kí ẹ sọ, kódà kí dókítà ti kìlọ̀. Ẹ jẹ díẹ̀ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹran gé ibi gbígbẹ fún ẹni tó wà níwájú wa, ó gé e tinrin. Nígbà tó kàn wá, ó ti ẹran náà yí kanlẹ̀ kó tó fi ọ̀bẹ kan ibi ọlọ́ràá. Bàbá rọra gbá mi ní ìgbúnwọ́. "Ẹ rí i?" N ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní igẹ̀ kì í ṣe ẹran kan, ẹran méjì ló gun ara wọn, ọ̀rá ló wà láàárín wọn. Okùn ara ti ìsàlẹ̀ gba ibì kan, ti òkè gba ibòmíràn. Ẹni tó bá ń gé e lọ ní ìlà kan láì yí i padà, ẹran á di fífà mọ́ oníbàárà lẹ́nu, á ní ẹran kò jinná. "Ọmọ yìí, ẹnì kan kọ́ ọ níṣẹ́," ni Bàbá wí. Wọ́n bi í ní èdè òyìnbó tiwọn pé ọdún mélòó ló ti lò nídìí ọ̀bẹ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó pè wọ́n ní "sir", ó gé ègé kan láti etí tó jó dúdú, ó nà án sí wọn láì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Àwọn méjèèjì dúró sọ̀rọ̀ títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń hú ikọ́.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé ọ̀nà Chisholm gba Lockhart kọjá, pé lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà àwọn darandaran ń fẹsẹ̀ da màlúù láti Texas lọ sí Kansas, níbi tí ọkọ̀ ojú irin wà. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Bàbá tiwọn ti sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń da màlúù láti Òkè Ọya wọ Ìbàdàn kí tírélà tó gba iṣẹ́ náà. "Wọ́n á ti rù kí wọ́n tó débẹ̀." Mo ní àwọn ti ibí kì í yára dà wọ́n, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n jẹko lójú ọ̀nà kí wọ́n lè sanra. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, òun ló ń tà á.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé. Òwúrọ̀ dára, kí ó tó di ago méjìlá, nítorí pé ẹran tí wọ́n yan lọ́jọ́ kan kì í pọ̀ sí i. Tó bá tán, ó tán nìyẹn. Ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ sàn ju Sátidé lọ. Ẹ má ṣe gbìyànjú ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ kan, inú á kọ̀ ọ́.

Ẹran tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má gé e, ẹ wé e sínú bébà rẹ̀ ní odidi, kí ẹ gbé e wálé. Ìyá Àyọ̀ fẹ́ dà á sínú ọbẹ̀ ata tó ń hó, Bàbá pariwo láti pálọ̀. Ẹran tó ti yọ́ tẹ́lẹ̀, tó bá tún hó, ṣe ló máa tú ká sínú ọbẹ̀. Ẹ̀wà ni a fi jẹ ẹ́ níkẹyìn. A se ẹ̀wà jinná, a pa epo àti ata sí i, a sọ iná kalẹ̀, a wá gé igẹ̀ náà wẹ́wẹ́ sí i, a dé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Sọ́sééjì ni kò dé Houston. Àyọ̀ ti jẹ ẹ́ tán lẹ́yìn ọkọ̀ kí a tó kúrò ní Schulenburg.